Ẹ Fi Omi Iyọ̀ Fọ Imú, Ṣùgbọ́n Ẹ Kọ́kọ́ Se Omi Náà

Bí ọyẹ́ bá ti dé, inú ìpàdé la ti máa ń mọ̀. Akọ̀wé kò ní í tíì ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá dé ìdajì tí ẹni ọwọ́ ọ̀tún yóò fi sín, tí ẹni ọwọ́ òsì yóò sì dá a lóhùn. Aláta ń nu imú, ẹlẹ́lùbọ́ ń nu ojú, àwọn tí ń ta aṣọ òkìrìkà ń fi ìka rin ihò imú. Àwa a sì máa rẹ́rìn-ín, a ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀fìnkìn lásán ni."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Imú tó dí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn. Ẹni tí kò sùn kò lè jí lọ sọ́jà lásìkò. Ẹni tí kò sì lọ sọ́jà, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí yóò bá a ní ọjọ́ tí a bá ń san àjẹsẹ́kù.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ló jẹ́ kí a kọ èyí. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ta èlùbọ́ àti ata gbígbẹ. Ó gbà pé kí a sọ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ní kí a má dárúkọ òun. Ọdún mẹ́ta gbáko ni imú fi ń yọ màmá yìí lẹ́nu. Bó bá ti tú àpò èlùbọ́ báyìí, sísín bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, omi á máa dà lójú, omi á máa dà nímú. Bó bá di alẹ́, imú á dí pátápátá, iwájú orí á máa fọ́ ọ. Ó ra oògùn oníhóró, ó ń tòògbé lórí ọjà títí tó fi ṣẹ́ṣẹ́ fún oníbàárà ní ṣéńjì tó ju ti ẹ̀ lọ. Ó ra oògùn tí wọ́n ń kán símú, ó tú imú náà fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ó tún dí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi kún ọjà, apá kan nínú rẹ̀ ti bá oògùn imú lọ kó tó di oṣù kejì.

Níbi tó ti ń wá ojútùú kiri ni aládùúgbò kan ti sọ fún un pé omi iyọ̀ ni kó máa fà símú. Màmá wa fa omi kànga, ó bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ sí i, ó fà á símú. Ó ní ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n fi ata rin òun ní ọpọlọ. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìntì nínú ẹgbẹ́ wa, tó yà lọ kí i lọ́jọ́ kejì. Ó rí abọ́ omi náà, ó bèèrè ohun tó wà fún. Nígbà tó gbọ́, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ dà á nù. Ìmọ̀ràn yẹn kò burú. Ṣùgbọ́n iyọ̀ yẹn ti pọ̀ jù, omi yẹn sì léwu." Ìdí rẹ̀ tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà nìyí láti orí dé ìsàlẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lè ṣe é bó ti yẹ.

KÍ LÓ Ń ṢE IMÚ WA?

Imú kì í ṣe ihò lásán. Aṣọ́bodè ni. Inú rẹ̀ rin pẹ̀lú ikun, ikun yìí ló sì ń mú eruku àti kòkòrò kí wọ́n má bàa dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Lábẹ́ ikun náà ni irun wẹ́wẹ́ wà tí ojú lásán kò lè rí. Ńṣe ni wọ́n ń jùmọ̀ gbá ikun náà lọ sẹ́yìn, sí ọ̀nà ọ̀fun, tí a ó fi gbé e mì láìmọ̀. Yàtọ̀ sí ihò méjì tí a ń rí níta, àwọn yàrá kéékèèké mìíràn tún wà nínú egungun ojú wa: ní iwájú orí, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, láàárín ojú méjèèjì, àti lẹ́yìn imú lọ́hùn-ún. Ẹnu ọ̀nà tóóró ni wọ́n fi ṣí sínú imú. Bí inú imú bá wú, ẹnu ọ̀nà náà á dí, ikun á há sínú yàrá, orí á wúwo, ojú á máa dun ènìyàn bó bá tẹ̀ba.

Kí ló ń mú kó wú? Nígbà mìíràn, kòkòrò àìsàn ni. Ọ̀fìnkìn gidi nìyẹn: ọ̀fun á máa dun ènìyàn, ara lè gbóná, á sì máa lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn, ohun tí ara rẹ̀ kọ̀ ni. Ara rí eruku, ó pè é ní ọ̀tá, ó sì gbé ogun dìde sí i. Àmì rẹ̀ ni pé sísín á máa tẹ̀lé ara wọn, imú àti ojú á máa yúnni, ikun á ṣàn bí omi, ara kò sì ní í gbóná. Á tún máa padà wá ní ibi kan náà àti ní àkókò kan náà. Ẹni tí imú ń yọ lẹ́nu ní ìsọ̀ ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ń balẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, kó fura sí ìsọ̀ rẹ̀.

Àwa ọlọ́jà la sì sún mọ́ ọn jù. Ìyẹ̀fun, èlùbọ́, gààrí, ata lílọ̀, sìmẹ́ńtì, oúnjẹ adìẹ, aṣọ òkìrìkà tó ti pẹ́ nínú àpò, ọjà tó ti bu, ìgbẹ́ aáyán àti ti eku ní ilé ìkẹ́rùsí, èéfín igi ìdáná: gbogbo wọn ló ń gba imú kọjá. Bí ata ṣe ń ta imú yàtọ̀ díẹ̀ sí ohun tí ara kọ̀, nítorí kò sí ẹni tí ata kì í ta. Síbẹ̀, imú tó ti wú tẹ́lẹ̀ ni ata ń fi ojú rẹ̀ rí màbo jù. Lórí gbogbo rẹ̀ ni ọyẹ́ tún wá gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá bá wa.

KÍ NI OMI IYỌ̀ Ń ṢE?

Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ló ń ṣe. Ó ń fọ eruku àti ohun tí ara kọ̀ kúrò, ó ń tú ikun tó ti gan, ó sì ń jẹ́ kí àwọn irun wẹ́wẹ́ yẹn lè ṣiṣẹ́ wọn padà. Kò pa àìsàn náà. Bí ènìyàn bá fọ imú lálẹ́ tó sì tún lọ ku ìyẹ̀fun láàárọ̀ láìbo imú, ibi tó kúrò náà ló padà sí.

Àṣà yìí kì í ṣe ohun tuntun. Ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn tí ń ṣe yoga ti ń fọ imú tipẹ́. Ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Hatha Yoga Pradipika, tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọ̀rúndún 15, ti dárúkọ neti, èyí tí í ṣe fífi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ fọ ihò imú. Èyí tí wọ́n ń fi omi ṣe ni wọ́n ń pè ní jala neti, ibẹ̀ ni orúkọ kẹ́tù kékeré tí wọ́n ń tà káàkiri ayé lónìí ti wá. Àwọn Mùsùlùmí láàárín wa náà mọ̀ pé fífa omi símú kí a sì fín in jáde wà nínú àlùwàlá.

Àwọn oníṣègùn òde òní ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí tí a mọ̀ sí Cochrane kó ìwádìí 14 jọ, tí àwọn ènìyàn 747 kópa nínú wọn, ọmọdé àti àgbà, lórí àwọn tí ohun tí ara kọ̀ ń dà láàmú nímú. Ohun tí wọ́n rí ni pé ó jọ pé fífi omi iyọ̀ fọ imú ń mú kí ìnira náà dínkù fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta ju ti àwọn tí kò fọ̀ ọ́ lọ. Àwọn náà sì sọ ọ́ pé ẹ̀rí náà kò tíì lágbára tó. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín lọ́jà pé omi iyọ̀ ń wo gbogbo àrùn imú sàn, ẹ má dá a lóhùn.

OMI NI Ọ̀RÀN WÀ

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá máa gbàgbé ohun gbogbo tí a kọ, ẹ má gbàgbé apá yìí. Omi tó dára ní mímu lè má dára fún imú.

Kòkòrò kan wà tí kò ṣeé fi ojú rí, Naegleria fowleri lórúkọ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní àmíbà. Inú omi odò àti ilẹ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń gbé. Bí ènìyàn bá gbé e mì, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó bá gba imú wọlé, ó lè gba ibẹ̀ lọ sínú ọpọlọ. Kò wọ́pọ̀, a kò sì fẹ́ dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú kì í sábà yè é. Ní ọdún 2011, ènìyàn méjì kú ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí wọ́n fi omi ẹ̀rọ tí a kò sè fọ imú. Wọ́n rí kòkòrò náà nínú omi ẹ̀rọ ilé wọn. Ní ìlú Karachi, ní Pakistan, àwọn dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kó o ní ọdún 2008 àti 2009 kò wẹ̀ nínú odò rárá. Omi tí wọ́n ń fà símú nígbà àlùwàlá ni wọ́n fura sí.

Bí omi ẹ̀rọ Amẹ́ríkà bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí ni ká ti wí nípa omi kànga wa, omi inú àgbá orí òrùlé tí oòrùn ń yan láti àárọ̀, àti omi òjò inú dúrọ́ọ̀mù? Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé iyọ̀ á pa á. Iyọ̀ tí imú lè gbà kéré púpọ̀, a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Álọ́ọ̀mù ń jẹ́ kí omi mọ́ lójú ni, kì í pa gbogbo kòkòrò. Omi inú ọ̀rá àti omi inú ìgò náà, ẹ sè é, nítorí mímu ni wọ́n ṣe é fún. Omi bátìrì tí àwọn mẹkáníìkì ń rà, ẹ má tilẹ̀ mú un sún mọ́ imú.

Sísè ni ọ̀nà àbáyọ. Ẹ jẹ́ kí omi náà hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, kí ẹ bò ó, kí ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀ títí yóò fi lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ara. Ẹ má fi omi tútù tí a kò sè là á. Èyí tí ẹ kò bá lò láàárín wákàtí 24, ẹ dà á nù tàbí kí ẹ tún un sè. Ẹni tó bá lágbára rẹ̀ lè ra omi iyọ̀ tí wọ́n ti pò sílẹ̀ fún imú ní ilé oògùn tó ní ìwé àṣẹ.

BÍ A ṢE Ń PÒ Ó

Ẹ tọ́ omijé yín wò, ẹ ó rí i pé ó níyọ̀ díẹ̀. Bí omi ara wa ṣe rí nìyẹn, nǹkan bíi gíráàmù 9 iyọ̀ nínú lítà kan. Omi òkun ní tó 35. Nítorí náà ni omi lásán fi ń ta imú, tí omi tó níyọ̀ jù náà sì ń ta á. Ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ màmá wa ti ju ti òkun lọ.

Ẹ wá ìgò omi 50cl tó mọ́, kí ẹ fi wọn omi tí ẹ ti sè. Ẹ fi ṣíbí tíì kan iyọ̀ sí i, kí ẹ fi ọ̀bẹ ré orí ṣíbí náà kó má ṣe ga. Ẹ fi ìdajì ṣíbí tíì sódà tí àwọn oníkéèkì ń pè ní bekin sódà sí i, òun ló ń jẹ́ kó tu imú lára. Ẹ rò ó títí yóò fi yọ́. Ẹ kíyè sí i o: bekin páódà kì í ṣe bekin sódà, kaun kì í sì í ṣe é rárá. Bí ẹ kò bá rí sódà, iyọ̀ nìkan náà ṣeé lò. Bó bá ṣì ń ta yín, ẹ dín iyọ̀ kù lọ́jọ́ kejì.

Iyọ̀ tí a ń jẹ nílẹ̀ wa máa ń ní ayodíìnì nínú nítorí àrùn gẹ̀gẹ̀. Ó dára púpọ̀ fún ọbẹ̀, ẹ má pa á tì nílé ìdáná. Ṣùgbọ́n ayodíìnì lè ta imú ẹlòmíràn. Bí ẹ bá rí iyọ̀ tí kò ní in, ìyẹn ni kí ẹ fi fọ imú.

BÍ A ṢE Ń FỌ̀ Ọ́

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ lè lo kẹ́tù kékeré tí wọ́n ṣe fún imú, tàbí ìgò rírọ̀ tí a ń tẹ̀, tàbí sírínjì ńlá tuntun tí kò ní abẹ́rẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sórí bàsíà, kí ẹ yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ihò imú kan lè wà lókè ekejì. Ẹ la ẹnu, ẹnu ni kí ẹ máa fi mí. Ẹ rọra da omi náà sí ihò tó wà lókè, á gba ti ìsàlẹ̀ jáde. Bí díẹ̀ bá bọ́ sí ọ̀fun, ẹ tu ú dà nù. Nígbà tí ẹ bá ti lo bí ìdajì omi náà, ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Bẹ́ẹ bá parí, ẹ rọra fun imú pẹ̀lú ihò méjèèjì ní ṣíṣí. Ẹ má di ọ̀kan kí ẹ wá fi agbára fun ekejì, torí omi lè gba ibẹ̀ lọ sí etí. Ẹ fọ ohun èlò náà, kí ẹ dojú rẹ̀ dé kó gbẹ. Tẹni ni tẹni: ọkọ kò gbọdọ̀ lo ti aya, ọmọ kò gbọdọ̀ lo ti ìyá. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ọjà dé tí ẹ ti wẹ̀ ló dára jù. Bí ìnira bá pọ̀, ó lè di ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tí dókítà fún ní oògùn tí wọ́n ń fín símú, kó kọ́kọ́ fọ imú kó tó lò ó, kó má sì fi omi iyọ̀ rọ́pò oògùn náà.

ÀWỌN TÍ YÓÒ KỌ́KỌ́ BÈÈRÈ

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní imú tàbí etí, ẹni tí etí ń dùn, ẹni tí imú rẹ̀ máa ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹni tí agbára ara rẹ̀ láti gbógun ti àìsàn ti dínkù, àti ọmọdé: kí wọ́n rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ojú bá wú, bí ènìyàn bá ń rí nǹkan ní méjì-méjì, bí ibà líle àti orí fífọ́ tó lágbára bá dé pẹ̀lú ọrùn gígan, ẹ má dúró fọ imú kankan, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà. Bí imú dídí bá ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ láìrọlẹ̀, tàbí tí ihò kan ṣoṣo ń rùn tó sì ń yọ ọyún, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ti ọmọdé tó rí bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ̀wà tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ló tì bọ imú.

Ẹ jọ̀wọ́, oògùn tí wọ́n ń kán símú tó ń tú u kíá, ẹ má lò ó ju ọjọ́ 3 sí 5 lọ. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni yóò wá máa dí imú náà, ènìyàn á sì máa rà á láìsinmi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí màmá wa nìyẹn.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ ká dín eruku kù. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀ ìsọ̀. Ẹ bo imú bí ẹ bá ń ku ìyẹ̀fun tàbí tí ẹ ń tú àpò. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn bí ẹ bá ń gbọn nǹkan. Ẹ sá aṣọ òkìrìkà sóòrùn kí ẹ tó ṣà á. Ẹ má gbé aṣọ ọjà wọ orí ibùsùn.

Màmá wa ti ń ṣe gbogbo èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́. A bi í léèrè bó ṣe rí. Ó ní, "Ẹ má kọ ọ́ pé ó tán o. Mo ṣì ń sín. Ṣùgbọ́n mò ń sùn." Ó sì ti san owó ẹ̀yáwó oṣù méjì tẹ̀lé ara wọn láìjẹ́ kí akápò rán an létí. Ìkòkò omi gbígbóná kan, ṣíbí iyọ̀ kan, àti aṣọ ìbomú kan ni gbogbo ohun tó náwó lé.

Àwọn àgbà ní ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹni tó bá ka èyí, kó kà á fún ẹni tí kò lè kà á ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti sọ̀rọ̀ omi sísè. Ó dìgbà ìpàdé o. Ọjà á tà.